Ẹ Bi Wá: Ta Ló Ń Mú Insulin Dì Nínú Páálí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Alábòójútó ni mí ní ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní London, a máa ń fi insulin ránṣẹ́ sí Èkó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti gba ẹ̀kọ́, gbogbo wọn ló yege ìdánwò. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni data logger, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka òtútù inú páálí sílẹ̀, ti fi hàn pé inú páálí tutù kọjá 0°C. Kí ni mo tún fẹ́ kọ́ wọn?

ÌDÁHÙN: Ọwọ́ wọn ló kù tí ẹ ò tíì kọ́. Ooru ni wọ́n ń sá fún, òtútù ló ń ba ọjà yín jẹ́. Insulin tó bá ti dì, bó tilẹ̀ yọ́ padà tó mọ́ gaara, kò ṣeé lò mọ́.

Ẹ lọ dúró ti tábìlì tí wọ́n ti ń di ẹrù. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé inú fíríìsà −20°C ni ice pack, ìyẹn ike omi dídì tó ń mú páálí tutù, ti ń bọ́ sínú páálí tààrà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ làágùn. Ẹ tò ó sórí tábìlì, kí ọ̀kan má gun ọ̀kan, kí àlàfo wà láàárín wọn, títí ẹ ó fi gbọ́ omi nínú rẹ̀ tí ẹ bá mì ín létí. Èyí tó bá jẹ́ jẹ́lì ló wà nínú rẹ̀ dípò omi kì í dún, nítorí náà iye ìṣẹ́jú tí ẹni tó ṣe páálí kọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ wá fún òṣìṣẹ́ mẹ́ta ní páálí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìgò omi dípò oògùn. Data logger kan láàárín ìgò, òmíràn lára ìgò tó sún mọ́ ice pack jù, kí ẹ̀rọ méjèèjì máa ka òtútù ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ tẹ gíráàfù rẹ̀ jáde fún wọn. Ẹni tó kánjú á fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ìlà tirẹ̀ ti já wá sábẹ́ 2°C tó jẹ́ ìpẹ̀kun òtútù tí insulin gbà. Ẹ fi í sínú fáìlì ẹ̀kọ́ oníkálukú. Ìlànà GDP (Good Distribution Practice), tó wà fún pínpín oògùn, fẹ́ ẹ̀rí pé ẹ̀kọ́ náà wọlé, kì í ṣe pé wọ́n jókòó nìkan.

Sítíkà búlúù tí IATA, àjọ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ní ká lẹ̀ mọ́ páálí náà ńkọ́? Ìwọ̀n tí à ń kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti oògùn, ti ibi tí wọn yóò gbé páálí sí ni. Bí a bá dán páálí wò fún 15 sí 25°C, tí ọmọ iṣẹ́ wá kọ 2 sí 8°C tó jẹ́ ti oògùn, yàrá tútù ni wọn yóò gbé e sí ní pápákọ̀ òfurufú. Ice pack ò ní rí ooru bá jà, oògùn ló máa kọjú sí. Ohun tó wà lórí sítíkà gbọ́dọ̀ bá ti air waybill, ìwé ẹrù ọkọ̀ òfurufú, mu.

ÌBÉÈRÈ: Ìgbà wo ni ká tún ìdánrawò páálí yìí ṣe?

ÌDÁHÙN: Bí páálí yín bá ní ọ̀nà ìdìpọ̀ ìgbà ooru àti ti ìgbà òtútù, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ wọn. Ti àtijọ́ ti mọ́ wọn lára nígbà náà.