Ta ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ti Amẹ́ríkà (American football)?

Fritz Pollard ni, ẹni tó darí ẹgbẹ́ Akron ní ọdún 1921. Ó di ọdún 1989, tí ẹgbẹ́ Raiders yan Art Shell, kí aláwọ̀ dúdú mìíràn tó dé ipò náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ti pọ̀ rẹpẹtẹ láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù tipẹ́. Ó dùn mí gan-an. Nígbà tí Òfin Rooney ti líìgì náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, ó ní kí ẹgbẹ́ tó bá ń wá olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá fọ̀rọ̀ wá ẹnì kan, ó kéré tán, lẹ́nu wò lára àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n kò ní dandan kí wọ́n gbà á síṣẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2007, nínú òjò ní Miami, Tony Dungy na ẹgbẹ́ Lovie Smith, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, ní 29 sí 17, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó fi ipò olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá gba Super Bowl, ìyẹn ìdíje àṣekágbá NFL.