Kí ló dé tí áàpù mi fi ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní gbangba kí TLS (ìbòrí tó ń sọ ọ̀rọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì di àṣírí) tó wọlé?

O ní áàpù XMPP (ìlànà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ẹgbẹ́ yín n'Ílé-Ifẹ̀ ń wọ sáfà ní pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà) 5222, o yọjú wò ó, ìlà àkọ́kọ́ sì hàn kedere. Má fòyà, bí STARTTLS, àṣẹ tó ń sọ ìsopọ̀ gbangba di ti TLS, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Áàpù á kí sáfà, sáfà á ka ohun tó ní sílẹ̀, starttls á wà nínú rẹ̀. Áàpù á ní òun fẹ́ ẹ, sáfà á fèsì pé "proceed". Ìgbà yẹn ni TLS tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì tún ara wọn kí látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló yẹ kí ọ̀rọ̀ aṣínà tó jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé: ẹni tó ń pín Wi-Fi fún yín l'Ọ́jà Tuntun lè yọ ìlà starttls yẹn kúrò kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Áàpù tí kò gbọ́n á rò pé sáfà ò ní in ni, á wá máa bá ọ̀rọ̀ lọ ní ìhòòhò. Torí náà, nínú sẹ́tín-ìn, sọ TLS di dandan fún áàpù àti sáfà, kí áàpù sì máa yẹ sátífíkéètì (ìwé ẹ̀rí pé sáfà yín gan-an ni) wò. Tí sáfà yín bá gba pọ́ọ̀tù 5223, TLS ló ń ṣáájú ohun gbogbo níbẹ̀. Òun lèmi fẹ́ràn jù.