Àyẹ̀wò thyroid ní kò sí nǹkan, àmọ́ ara ò gbádùn

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ ní irun yín ń re, òtútù ń mú yín níbi táwọn yòókù ti ń làágùn, síbẹ̀ dókítà ní thyroid yín, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn, ò ní nǹkan kan. Ó ti ṣe èmi náà rí. Òòyà mi á kún fún irun láràárọ̀, àwọn ará ilé á ní àròjù ni.

Ẹ gba ìwé èsì yẹn sọ́wọ́, ẹ má gba "ó dára" lásán. TSH (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí thyroid) nìkan ni wọ́n sábà máa ń wò, bíi 0.4 sí 4.0 ni ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kà sí dáadáa. Ẹ béèrè free T4 (èròjà tí thyroid fúnra rẹ̀ ń ṣe) àti TPO antibodies (èròjà tí ara fi ń gbógun ti thyroid). Antibodies yẹn lè ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí TSH tó yí padà rárá.

Ṣé ẹ ń lo oògùn tó ń mú irun hù? Biotin inú rẹ̀, ìyẹn fítámì kan, lè da èsì thyroid rú. Ẹ sọ fún dókítà, kẹ́ ẹ dá a dúró fún ó kéré tán ọjọ́ 2 kí wọ́n tó tún gba ẹ̀jẹ̀. Èmi ò mọ̀, mo ń jẹ ẹ́ bíi súìtì!

Tèmi kì í tiẹ̀ ṣe thyroid nígbẹ̀yìn. Nǹkan oṣù mi ló ń wá púpọ̀ jù. PCV mi (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀) ò burú, àmọ́ ferritin, ìyẹn iron tí ara tọ́jú pamọ́, ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ó tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń lo oògùn iron kí òtútù yẹn tó fi mí sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo ferritin àti fítámì B12. Tí ọrùn bá ń wú bíi gègè, tàbí oúnjẹ ò ṣeé gbé mì, ẹ tètè padà lọ.