Gbé àga ẹ̀yìn sókè kí o tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì

Àbúrò, o kú ará-fẹ́ra-kù. O ní bàbá rẹ fi mọ́tò Ìjàpá Volkswagen 1300 kan sílẹ̀, ti ọdún 1978, pé ó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé fún ọdún 17. O ní mẹkáníìkì kan wá wò ó, ó sì fọwọ́ sọ̀yà pé òun á mú kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dún láàárín ọ̀sẹ̀ kan. O wá ń bèèrè bóyá kí o gbé e fún un, tàbí kí o máa fọwọ́ ara rẹ tún un ṣe nílé díẹ̀díẹ̀. Mẹkáníìkì yẹn ò purọ́. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kì í pẹ́ jí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Akọ̀wé kóòtù ni mí n'Ìbàdàn, n kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì rí. Ní 2009 ni mo ra tèmi, ẹ́ńjìnnì náà ni mo sì kọ́kọ́ dojú kọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó dún. Inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo ọmọ àdúgbò wá wò ó. Mo gbé e lọ kùn, ó ń dán yinrin. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, èmi, ìyàwó mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń lọ sóde ìgbéyàwó kan ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀gbọ́n yìí jókòó sẹ́yìn, lápá ọ̀tún. Wọn kì í ṣe ẹni tínínrín. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Fìdítì, mo gbóòórùn ohun tó ń jó. Kí n tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èéfín ti ń jáde lábẹ́ ìró wọn.

Abẹ́ àga ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, ni bátìrì Ìjàpá wà. Sípíríìnì irin ló wà lábẹ́ àga náà, fùlùfúlù èèpo àgbọn sì ni wọ́n fi kún inú rẹ̀. Tí bátìrì ò bá ní ìdérí, tí ara tó wúwo bá tẹ àga wálẹ̀, sípíríìnì á kan orí bátìrì, iná á ṣẹ́, fùlùfúlù á sì gbaná. A fa àga jáde, a da gbogbo piọ wọ́tà tó wà nínú mọ́tò lé e lórí. Nígbà tí èéfín lọ tán, tí mo bojú wo abẹ́ bátìrì, ọ̀dà títì ni mo rí. Ásíìdì ti jẹ irin ibẹ̀ tán, kápẹ́ẹ̀tì àti oríire ló gbé bátìrì dúró. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sóde. Títí di òní, tí wọ́n bá rí mi, wọ́n á ní, "Ìjàpá yín ńkọ́, ṣé ó ti jinná?"

Nítorí náà, tí o bá máa gba nǹkan kan gbọ́ lẹ́nu mi, òun ni pé irin ìsàlẹ̀ lo máa kọ́kọ́ wò. Ẹ́ńjìnnì lè dúró. Ọ̀dà kíkùn lè dúró títí di ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín.

Ìjàpá ò rí bíi mọ́tò ayé ìsinsìnyí tó jẹ́ odidi kan. Ìpín méjì ni: pẹpẹ ìsàlẹ̀, tí egungun ẹ̀yìn kan gba àárín rẹ̀ kọjá, àti ìkarahun òkè tí wọ́n fi bóòtù bí ọgbọ̀n dè mọ́ ọn. Lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, ihò irin gbọọrọ kan wà. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná máa gba ibẹ̀ láti ẹ̀yìn lọ síwájú nígbà òtútù. Ta ló ń wá ooru nílẹ̀ wa? Torí náà, kò sẹ́ni tó ń yẹ ibẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ irin ihò yẹn ni kò jẹ́ kí ìkarahun tẹ̀. Tí o bá ṣí ilẹ̀kùn tó bá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, tàbí tí àlàfo rẹ̀ lókè bá yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ewé máńgòrò tún ń ba nǹkan jẹ́. Ó máa ń kóra jọ síwájú gíláàsì, á dí ojú ihò tí omi ń gbà jáde, omi á sì wọlé sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láìsí ẹni tó mọ̀.

Mú sikurudíráfà ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Gún abẹ́ bátìrì, gún ibi ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gún ihò abẹ́ ilẹ̀kùn láti ìsàlẹ̀, gún ibi tí táyà sípíà máa ń jókòó níwájú. Má ṣàánú rẹ̀. Ibi tó bá dún kó, ó dáa. Ibi tí irin bá wọlé bí ẹni ń gún ẹ̀kọ, ìpẹtà ló wà níbẹ̀. Lára ìkarahun, wé aṣọ mọ́ irin òòfà kí o máa fà á káàkiri. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, bọ́dì fílà, ohun bí amọ̀ tí wọ́n fi ń dí ojú irin tó bàjẹ́, ni wọ́n kún ibẹ̀. Lára tèmi, mo gé fílà kan kúrò tó nípọn tó àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Panẹ́bítà lo máa nílò fún iṣẹ́ irin, àyàfi tí o bá mọ̀ ọ́n jó. Dúró tì í. Èyí tí mo gbé tèmi fún mọṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó ń gé ihò abẹ́ ilẹ̀kùn òsì kúrò, kò fi irin kankan di ojú ilẹ̀kùn náà mú. Ìkarahun tẹ̀ bí ìbú ìka kan, ilẹ̀kùn ò padé mọ́. Oṣù mẹ́ta la fi ń fi jáàkì tì í padà. Kí ẹnikẹ́ni tó gé ohunkóhun, kí ó jó páìpù onígun mẹ́rin mọ́ ojú ilẹ̀kùn, igun sí igun. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kó parí kó tó kan èkejì. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó gauge 18 ti tó. Gáàsì kábáàdì tí wọ́n ń lò lẹ́bàá títì máa ń mú irin tínínrín wú bí àkàrà, nítorí náà kí ó má jó o lọ geerege: kí ó tọ́ ọ kán níbí, kí ó fò lọ sọ́hùn-ún, kí àkísà tútù sì wà nítòsí. Ẹ yọ táǹkì epo kúrò pátápátá ṣáájú, torí iwájú níbi ẹsẹ̀ ló wà.

Mo ṣe òmùgọ̀ kan tí n kò fẹ́ kí o ṣe. Mo rí Ìjàpá 1969 kan rà ní ẹ̀dínwó l'Abẹ́òkúta, pé kí n máa yọ páàtì lára rẹ̀. Ìgbà tí mo gbé e délé tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà yí ìwakọ̀ padà sápá ọ̀tún títì, èyí sì ti wà ṣáájú. Dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ò bá tèmi mu, pẹpẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí mo torí rẹ̀ rà á ò wúlò, nítorí ẹ̀gbẹ́ kejì ni ihò pẹ́dàlì wà. Ìkọ́ ilẹ̀kùn àti gíláàsì méjì ni mo jèrè. Tí tìrẹ bá jẹ́ èyí tí wọ́n tò ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọjọ́ l'Ékòó, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, láti Brazil ni púpọ̀ nínú páàtì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ti ń wá. Fusca ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Wọ́n ṣe é títí di 1986, wọ́n sì tún dá a padà láti 1993 sí 1996. Orúkọ yẹn ni kí o tẹ̀ tí o bá ń wá páàtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Ládipọ̀, ọjà páàtì mọ́tò l'Ékòó, wá àwọn bàbá tó ti pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á ní kò sí, kí o tó parí ọ̀rọ̀.

Ẹ́ńjìnnì wá kàn báyìí. Má fi bátìrì dán an wò lẹ́yìn ọdún 17. Yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kán ọ́ìlì sínú ihò wọn, fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o tó fi sípánà yí i láti ibi púlì, jẹ́ẹ́jẹ́. Tó bá yí, bóòtù mẹ́rin péré ló so ó mọ́ jíà. Fi jáàkì gbé e, sọ ọ́ kalẹ̀ sórí táyà àlòkù, kí o fà á jáde lẹ́yìn. Ó wúwo ju 100 kg lọ, má dá a gbé.

Mẹkáníìkì tó mọ Camry nìkan á ṣe é léṣe láìmọ̀. Lítà méjì ààbọ̀ ọ́ìlì ni Ìjàpá ń mu. Ọ̀gbẹ́ni kan da lítà mẹ́rin sí tèmi, ó sì ń tú jáde níbi gbogbo bí ẹni tó jẹun jù. Ẹlòmíràn, tó fi Pijó 504 jẹun fún ọgbọ̀n ọdún, so wáyà púlọ́ọ̀gì ní 1-3-4-2 bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ́ńjìnnì yìnbọn, ewúrẹ́ àdúgbò sá. 1-4-3-2 ni sìlíńdà Ìjàpá ń gbaná tẹ̀lé ara wọn. Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, 0.15 mm, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù bí omi àmù. Àlàfo kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì, 0.4 mm. Kọ àwọn nọ́ńbà yìí sára ògiri gáréèjì rẹ.

Èyí tó dùn mí jù, ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Ìjàpá ò ní rédíétọ̀. Fáànù kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sára ẹ́ńjìnnì, àwọn páànù irin dúdú tó yí i ká sì ni wọ́n ń darí atẹ́gùn náà. Ẹnìkan ní kí n yọ wọ́n kúrò kí afẹ́fẹ́ lè wọlé dáadáa. Ó jọ ọgbọ́n létí mi. Mo yọ wọ́n. Ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nítòsí Ògèrè, ẹ́ńjìnnì dún gbà, ó sì dákẹ́. Sìlíńdà kẹta ló kọ́kọ́ lọ, torí ibi tí ọ́ìlì ti ń tutù ló ń gba atẹ́gùn mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ló ń gbóná jù. Àwọn páànù yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, àti rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnnì ká pẹ̀lú. Fáńbẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń yí fáànù tó sì ń mú iná wá, nítorí náà tí iná pupa bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, má rò pé ọ̀rọ̀ rẹ́wáyà ni. Dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nípa bíréèkì, má tún ohunkóhun lò: másítà, wíìlì sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ́ọ̀sì rọ́bà, ra tuntun. Ọ́ọ̀sì epo náà, gé gbogbo èyí tó gbó dànù, torí wọ́n ti gbẹ bí igi, ẹ̀yìn níbi tí ẹ́ńjìnnì gbígbóná wà ni wọ́n sì ń lọ. Nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn, 36 mm, tú u nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, fi páìpù gígùn bọ orí sípánà. Kò ṣeé tú lórí jáàkì. Àti búlọ́ọ̀kù: ìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́lé, má fi gbé mọ́tò dúró láé. Mo jáde lábẹ́ tèmi lọ mu omi, mo gbọ́ "gbì". Búlọ́ọ̀kù méjì ti di yanrìn. Ife omi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kejì ni mo lọ ra sitáàǹdì irin.

Mo rò pé oṣù mẹ́ta ni. Ọdún mẹ́rin ló gbà mí, owó rẹ̀ sì lé ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tí mo kọ sínú ìwé. Ìyàwó mi ò tíì mọ iye rẹ̀. O lè ṣe é nílé, tí o bá ní ibi tí òjò ò ti ní pa á, tí iṣẹ́ rẹ sì ń fún ọ ní Sátidé. Sọ fún mẹkáníìkì yẹn pé wàá pè é padà. Ní Sátidé tó ń bọ̀, gbé àga ẹ̀yìn sókè, yọ bátìrì, fi sikurudíráfà gún abẹ́ rẹ̀, kí o wá sọ fún mi bó ṣe dún. Tí ó bá wọlé, má tíì ra púlọ́ọ̀gì kankan.