Aago Houston, aago ilé, àti ìwé ilẹ̀ bàbá yín

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ìdààmú o. Ẹ ní láti ìgbà tí oṣù kọkànlá ti wọlé lẹ ti ń pe Sẹkitéríàtì n'Ìbàdàn láti Houston nítorí ilẹ̀ tí bàbá yín rà ní Ìkìrun lọ́dún 1984, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbé e. Nǹkan méjì ló fà á: aago ti yí mọ́ yín lọ́wọ́, ibẹ̀ sì kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè.

Aago Nàìjíríà kì í yí. Ti Amẹ́ríkà níbí ló ń yí. Sọ́ńdè kejì nínú oṣù kẹta ni wọ́n ń tì í síwájú, Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni wọ́n ń dá a padà. Nígbà tí ooru bá mú níbí, wákàtí mẹ́fà nilé fi ṣíwájú Houston. Láti oṣù kọkànlá, ó di méje. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tẹ́ ẹ ń pè yẹn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù nílé. Wọ́n ti tilẹ̀kùn.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Àbúrò mi wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ọ́fíìsì kan, ó gbé fáìlì lé itan, ó ń retí kí n pè kí n bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Àkókò tá a ti jọ ń lò látoṣù kẹfà ni mo pè. Ọ̀gá ti gbé báàgì lọ. Ọmọ yẹn padà lófo, ó sì dùn mí gan-an. Látọjọ́ náà ni mo ti so aago kejì mọ́ ògiri kíṣìnì, aago ilé ló wà lára ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ dìde láago mẹ́rin ìdájí. Aago mọ́kànlá àárọ̀ nìyẹn nílé, gbogbo wọn ti wà lórí ìjókòó. Ẹ pè, kẹ́ ẹ padà sùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá aago márùn-ún, torí wọ́n á ti máa múra àtilọ kírun.

Ti ibi tẹ́ ẹ ń pè: lóòótọ́, Ọ̀yọ́ ló wà lókè ìwé yín, torí abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ìkìrun wà nígbà náà. Ní 27 oṣù kẹjọ, 1991, ni wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára ẹ̀. Abéré, níbi tí Sẹkitéríàtì Ọ̀ṣun wà l'Óṣogbo, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fi wé Harris County tí Houston wà níbí, tó jẹ́ káńtì, bí ìjọba ìbílẹ̀, ló ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Nílé, látìgbà òfin ilẹ̀ 1978, ọwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀ nilẹ̀ wà. Ẹ wo ìwé náà dáadáa: bí wọ́n bá ti fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, nọ́ńbà, ojú ìwé àti fólúmù máa wà níbẹ̀. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí pépà kẹ́ ẹ tó pè. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n kọ mọ́ fólúmù ọ̀hún, ẹ bi wọ́n l'Ábéré bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àbúrò yín tẹ́ ẹ ní ó wà ní El Paso, Texas náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn Houston. Aago mẹ́rin yín, aago mẹ́ta òru ló jẹ́ fún un. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa pè.