Ta ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ nínú àwọn tó ń kó ọjà wá?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọ̀gá yín fẹ́ dín àwọn tó ń kó ọjà wá fún ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì yín kù, ẹ sì fẹ́ mọ ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ yọ. Èmi ni mo ń ra ọjà fún ilé búrẹ́dì kan n'Ìbàdàn, ojú wa ti rí i.

Ẹ má tíì wo iye tí kálukú ń tajà. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó mú wọn wọlé. Lọ́dọ̀ tiwa, àna máníjà ló ń kó ṣúgà wá, oníyíìsì sì jẹ́ ará ìjọ akáúńtáǹtì. Àwọn tó ń kó náílọ́ọ̀nù nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì! Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n yọ èèyàn òun. Kí ọ̀gá fúnra ẹ̀ fọwọ́ síwèé kí ẹ tó la ẹnu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹjọ́ ẹbí lẹ máa máa dá.

Fúláwà ló jẹ́ kó yé àwọn ara wa pé ó yẹ ká dín wọn kù. Ti ilé-iṣẹ́ kan máa ń mu omi ju ti òmíì lọ. Bí oríṣi mẹ́ta bá wọlé lọ́sẹ̀ kan, àwọn tó ń pò ó á kàn máa méfò omi ni. Búrẹ́dì tòní á wú, tọ̀la á le. Oníbàárà ò ní béèrè ìdí, ibòmíì ló máa gbà lọ.

Síbẹ̀, ẹ má fi ọjà tí iṣẹ́ yín dúró lé sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1997, iná jó ilé-iṣẹ́ Aisin ní Kariya, lórílẹ̀-èdè Japan. Ibẹ̀ nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Toyota ti ń ra ẹ̀yà bíréèkì kékeré kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Toyota ní Japan dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Tiwa ò tóbi tó yẹn, àmọ́ nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń kó fúláwà wá lóun ò tà láwìn mọ́. Ìkejì ló gbà wá. Kì í ṣe àánú o: kì í sí ọ̀sẹ̀ tá ò ní ra díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, kódà nígbà tí tiẹ̀ bá wọ́n jù.

Ìyókù ò le. Ẹ san gbèsè àwọn tí ẹ fẹ́ yọ tán kí ẹ tó sọ fún wọn. Ní ti náílọ́ọ̀nù, ẹnì kan tó, ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé tó sọ pé tiyín ni sílíńdà tí wọ́n fi ń tẹ orúkọ búrẹ́dì yín sí i lára. Ẹ̀yin lẹ sanwó ẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ń wà; lọ́jọ́ tí ẹ bá ní ẹ ń lọ, wọ́n á láwọn ò rí i mọ́.