Ẹ Bi Ọ̀gá Mẹkáníìkì: Mọ́tò Kékeré Oníná

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, ní Houston. Ọkàn mi ò gba fírí-wéè, ọ̀nà eléré ńlá wọn, mọ́, ni ọmọ mi bá ní kí n ra mọ́tò kékeré oníná kan, oníjókòó méjì, tí n ó máa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń tà á ní ìjọba ti fọwọ́ sí i, pé n kò nílò láísẹ́ǹsì tàbí nọ́ńbà. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Bùkọ́lá)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìdajì òótọ́ ló sọ. Láti 1998 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ṣòfin irú mọ́tò yìí: kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 25 lọ ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ní Texas, ẹ ó gba nọ́ńbà, ẹ ó ra inṣọ́ránsì, láísẹ́ǹsì yín ò sì gbọdọ̀ kú.

Ẹ má tíì mówó jáde. Ẹ ní kó fi ṣaṣí nọ́ńbà hàn yín. Bí kò bá sí, kẹ̀kẹ́ pápá gọ́ọ̀fù ni wọ́n kùn lọ́dà. Ẹ wo bẹ́líìtì, wínsìkíríìnì, dígí, tirafikétọ̀ àti háńbíréèkì. Dandan ni gbogbo wọn. Ti áábáàgì, òfin ò béèrè rẹ̀, ẹ má retí ẹ̀.

Ọ̀nà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Texas gbà á láàyè lójú títì tí bọ́ọ̀dù tó ń sọ ìwọ̀n eré rẹ̀ bá kà máìlì 45 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, alàgbà kan ní kí n bá òun wo bíréèkì tirẹ̀. Mo gbé e bọ́ sójú ọ̀nà 45. Mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, kò kọjá 25 náà. Nígbà tí mo wo dígí, imú pikọ́ọ̀pù kan nìkan ni mo rí, ó kún dígí náà bámú. Mo yà sọ́gbà àwọn tó ń ta táyà. N kò ra táyà o.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbé yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹ máa ka bọ́ọ̀dù láti ẹnu ilẹ̀kùn yín débẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ ò bá ju 35 lọ, ẹ rà á. Bí ẹ bá rí èyí tó ju 35 lọ, àfi kẹ́ ẹ kàn dá ọ̀nà náà kọjá ní oríta, ẹ ní kí ọmọ yín tó dá àbá náà máa wá gbé yín.